Sùúrù Ní í Se Ẹran Líle

Òtútù tiwa kì í ṣe irú èyí tí ń sọ omi di yìnyín ní ìlú àwọn òyìnbó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ní oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò kò jẹ́ kí oòrùn yọjú, tàbí ní oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí ọyẹ́ bá sọ̀kalẹ̀ láti Òkè-Ọya wá, tí kùrukùru sì bo àwọn oko ẹ̀gẹ́ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ títì Abẹ́òkúta sí Ṣàgámù, ó mọ̀ pé kò sí ohun tí ara ń fẹ́ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ju oúnjẹ gbígbóná lọ. Nínú gbogbo oúnjẹ gbígbóná, a kò sì tí ì rí èyí tí ó tó ìkòkò ọbẹ̀ ẹran màlúù tí a sè nílé, tí a fi ata gidi sè, tí ẹ̀wà sì wà nínú rẹ̀ kí ó lè dúró nínú ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ tí a ní í sọ kì í ṣe láti kọ́ àwọn ìyá wa ní ọbẹ̀ sísè. Ẹni tí ó bá ń kọ́ àwọn ìyá Ẹ̀gbá ní ọbẹ̀ sísè kò ní iṣẹ́ ṣe. Ohun tí ó mú wa gbé kálàmù ni pé àṣà búburú kan ti ń wọ inú ìkòkò ẹran ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé àti ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé oúnjẹ, èyí ni fífi oògùn ẹ̀fọ́rí tí à ń pè ní paracetamol se ẹran kí ó lè tètè rọ̀. Èrò tiwa nìyí, a ó sì sọ ọ́ kedere láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹran líle kò fẹ́ oògùn, àkókò ni ó ń fẹ́. Ẹni tí ó bá fún un ní àkókò yóò jẹ ọbẹ̀ tí ó dùn jù, tí ó sì ṣe ara lóore jù, kò sì ní í ná an ní owó tó bí ó ti rò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí rẹ̀ tí ẹran wa fi ń le. Màlúù tí à ń pa jẹ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí. Láti Òkè-Ọya ni wọ́n ti ń wá, àwọn màlúù funfun oníké, oníwo gígùn, tí àwọn Fúlàní ń dà. Ní ayé àtijọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin dé, èyí tí ó gba Abẹ́òkúta kọjá dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, tí ó sì nà títí dé Kánò lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Lónìí, ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń kó púpọ̀ wọn wá sí ọjà Kárà tí ó wà lẹ́bàá odò Ògùn ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àti sí ọ̀dọ̀ àwọn alápatà wa ní Láfẹ́nwá. Ẹran tí ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá koríko jẹ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, tí ó sì dàgbà dáadáa kí a tó pa á, kò lè rọ̀ bí ẹran ọmọ màlúù tí a so mọ́ ilé tí a ń gbé oúnjẹ fún.

Ibi tí ó bá ti ṣiṣẹ́ jù ní ara màlúù, ibẹ̀ ni ó ń le jù: itan, èjìká, ọrùn àti ẹsẹ̀. Iṣan funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó so ẹran ibẹ̀ pọ̀. Bí iná ńlá bá jó o kíákíá, àwọn iṣan wọ̀nyí a súnkì, wọn a fún omi inú ẹran jáde, ẹran a sì di bí rọ́bà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí a bá fi iná díẹ̀ sè é fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta nínú omi tí ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, iṣan kan náà a yọ́, a di ohun yíyọ̀ tí ń mú kí omitooro ki, tí ń lẹ̀ mọ́ni ní ètè, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ẹni tí ó ti jẹ bọ̀kọ́tọ̀ rí ti mọ̀. Nítorí náà ẹran tí ó le jù, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀ jù lórí pẹpẹ alápatà, ni ó ń ṣe ọbẹ̀ tí ó dára jù, bí a bá ní sùúrù fún un. Àwọn àgbà kò ṣì í sọ nígbà tí wọ́n wí pé ẹni tí ó bá ní sùúrù yóò se òkúta jinná, yóò sì mu omitooro rẹ̀.

Àwọn kan kò ní sùúrù yìí mọ́. Bí ẹran bá ti ń le díẹ̀, wọn a ju hóró paracetamol sínú ìkòkò, ẹlòmíràn a ju méjì, ẹlòmíràn a ju mẹ́rin, wọn a dé e, wọn a sì máa bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ìlú kan ṣoṣo. Ní ọdún 2022, àjọ NAFDAC, tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti máa mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, kìlọ̀ ní gbangba pé kí àwọn ènìyàn jáwọ́ nínú rẹ̀, nítorí ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí ó ní ìwé ìṣírò lọ́wọ́. Hóró kan oògùn yìí, bí a ti ń tà á, jẹ́ mílígíráámù 500. Hóró mẹ́jọ ni àwọn oníṣègùn ní kí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá má ṣe kọjá ní ọjọ́ kan. Ti ọmọdé kéré gidigidi sí èyí, nítorí bí ọmọ bá ti wúwo tó ni a fi ń díwọ̀n tirẹ̀. Iná ìdáná kì í jó oògùn náà dànù; inú omitooro ni ó ń wà. Ta ni ó wá lè sọ iye tí ó wà nínú àwo ọbẹ̀ tí ó jẹ ní ọ̀sán? Bí ibà bá mú un ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì gbé hóró méjì mì gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ti wí fún un, ta ni yóò bá a ro ti ọ̀sán mọ́ ọn? Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ń mu ọtí líle, tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń ṣe àárẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ńkọ́? Ìṣirò náà kò tí ì tán. Bí oògùn yìí bá hó pẹ́ nínú omi, apá kan nínú rẹ̀ lè yí padà di ohun mìíràn tí kì í ṣe oògùn mọ́, ohun tí ó jẹ́ májèlé fún kíndìnrín. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín kì í ké ní ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ ṣẹ̀ wọ́n. Ní kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń jìyà, títí di ọjọ́ tí ẹ̀pa kò ní í bóró mọ́. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi yóò rántí ìtàn àwọn ọmọ wòlíì ní Gílígálì ní ìgbà Èlíṣà. Ìyàn mú ní ilẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn jáde lọ sí pápá, ó ká èso ìtàkùn igbó kan tí kò mọ̀, ó sì rẹ́ ẹ sínú ìkòkò ìpẹ̀tẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ni wọ́n kígbe pé oúnjẹ náà yóò pa àwọn. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó ká èso náà kò ní èrò ibi kankan. Òun pẹ̀lú ìbá jẹ nínú rẹ̀. Àìmọ̀ ni ó fi ṣe é, àti ìfẹ́ láti tètè bọ́ àwọn ẹni rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe rò nípa ìyá tí ń ju oògùn sínú ọbẹ̀. A kò pè é ní apànìyàn. À ń kígbe kí wọn tó gbé e mì ni.

Kí a má sì rò pé àwa nìkan ni Ọlọ́run fún ní ẹran líle. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Amẹ́ríkà a máa ròyìn ọbẹ̀ kan tí àwọn ará Texas fẹ́ràn púpọ̀, pàápàá ní ìgbà òtútù, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ chili con carne. Ní èdè àwọn ará Spéènì, ìtumọ̀ orúkọ náà kò ju ata pẹ̀lú ẹran lọ. Ní ìlú San Antonio, láti nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí di àwọn ọdún 1930, àwọn obìnrin a máa gbé ìkòkò ọbẹ̀ yìí sí gbàgede ìlú ní alẹ́, wọn a tan fìtílà, àwọn sójà, àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn àlejò a sì wá jẹun lọ́dọ̀ wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ní ẹ̀bá títì tiwa níhìn-ín, kí ó tó di pé àwọn wolé-wolé ìlú náà lé wọn kúrò nítorí ọ̀ràn ìmọ́tótó. Ní ọdún 1977, ìjọba Texas sọ ọ́ di oúnjẹ tí a fi ń mọ ìpínlẹ̀ wọn. Títí di òní ni wọ́n ń jiyàn bóyá ẹ̀wà yẹ kí ó wà nínú rẹ̀ tàbí kò yẹ. Ìjà tiwọn nìyẹn. Ọwọ́ wa kò sí níbẹ̀. Ohun tí ó kàn wá ni pé ẹran èjìká àti irú rẹ̀, tí kò níye lórí púpọ̀ lọ́jà, ni wọ́n fi ń sè é, ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n sì fi ń sè é.

Ata fúnra rẹ̀ ti ọ̀nà ibẹ̀ wá. Kí Christopher Columbus tó tukọ̀ dé ìhà ibẹ̀ ní ọdún 1492, kò sí ata rodo, kò sí ṣọ̀m̀bọ̀, kò sí tàtàṣé, kò sí tòmátì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ataare àti ìyèré ni ó ń ta àwọn baba ńlá wa lẹ́nu. Àwọn oníṣòwò Potogí ni a gbà pé wọ́n gbé ata wá sí etí òkun wa. Ẹ̀wà ní tirẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni. Nítorí náà, bí a bá da ẹran Òkè-Ọya, ata òkè òkun àti ẹ̀wà ilé pọ̀ nínú ìkòkò kan, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé à ń fi aṣọ aláṣọ ṣe fáàrí.

Àwọn àgbà ní ẹ̀mí tí kò jẹ ata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti fi hàn wá bí ata ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. David Julius, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, fi ohun tí ń ta nínú ata wá ibi tí ara ti ń mọ ooru, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ ní ọdún 2021. Ohun tí ó rí ni pé ilẹ̀kùn tí iná ń kàn láti sọ fún ara pé nǹkan gbóná, ilẹ̀kùn kan náà ni ata ń kàn. Ata kò dá iná. Ó ń pariwo iná ni. Ohun tí ń fún ara ní agbára láti kojú òtútù ní tòótọ́ ni ẹran, ẹ̀wà, epo àti ooru ìkòkò. Ẹni tí ó bá da ata púpọ̀ sínú omi lásán, tí kò sí ẹran tàbí ẹ̀wà níbẹ̀, ariwo ni ó sè.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ bí ìkòkò náà ti ń lọ fún ilé tí ó ní ènìyàn mẹ́fà, kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń dá gbé lè mọ̀ ọ́n ṣe pẹ̀lú. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí a ṣa ife ẹ̀wà méjì, kí a rẹ ẹ́ sínú omi. Ní òwúrọ̀, kí a ra ẹran èjìká tàbí itan kílò kan àti ààbọ̀ lọ́wọ́ alápatà tí dókítà ẹran ń yẹ ọjà rẹ̀ wò, kí egungun díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Kí a ní tàtàṣé mẹ́rin, tòmátì mẹ́fà, ata rodo mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àlùbọ́sà ńlá mẹ́ta, atalẹ̀ díẹ̀, irú díẹ̀, iyọ̀, àti òróró tàbí epo pupa ṣíbí ìjẹun mẹ́jọ. Bí àwọn ọmọdé bá wà nílé, kí a dín rodo kù, kí a má sì dín tàtàṣé kù.

Kí a gé ẹran sí wẹ́wẹ́ tí ó tó àpótí ìṣáná, kí a dábùú iṣan rẹ̀ gé e. Kí a fọ̀ ọ́, kí a dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú iyọ̀, atalẹ̀ tí a gún àti ìdajì àlùbọ́sà kan, kí a má sì bu omi sí i. Kí a dé e, kí a gbé e ka iná tí kò pọ̀. Ẹran yóò sun omi ara rẹ̀ jáde. Nígbà tí omi náà bá gbẹ, tí ìsàlẹ̀ ìkòkò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kí a bu òróró ṣíbí méjì sí i, kí a máa yí i títí ẹran yóò fi pọ́n yíká. Ibí yìí ni adùn ọbẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó bá sì fò ó ni yóò máa fi Maggi mẹ́fà wá adùn tí ó sọnù. Lẹ́yìn náà, kí a bu omi gbígbóná sí i títí yóò fi bo ẹran mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. Bí ó bá hó, kí a fa iná sẹ́yìn. Wákàtí méjì ni ẹran ọ̀pọ̀ nínú màlúù wa ń fẹ́. Òmíràn ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe aago ni a fi ń dá a mọ̀ bí kò ṣe fọ́ọ̀kì: bí fọ́ọ̀kì bá wọlé tí ó sì jáde láì jà, ó tó.

Ẹni tí ẹran rẹ̀ bá jẹ́ ti arúgbó màlúù, kí ó wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kí ó tó wo àpótí oògùn. Oje ìbẹ́pẹ tí kò tí ì pọ́n a máa já iṣan ẹran. Ní ilẹ̀ púpọ̀ tí oòrùn ti ń mú ni wọ́n ti mọ èyí láti ìgbà láéláé. Kí a rẹ́ èso náà wẹ́wẹ́, kí a fi ra ẹran lára, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Kí a má jẹ́ kí ó pẹ́ jù, kí ẹran má ba à fọ́ bí ìyẹ̀fun lẹ́nu. Bí omi bá ti hó, agbára oje yìí ti tán. Kí a tó gbé ẹran ka iná ni ó wúlò, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí ẹran bá ń jinná lọ́wọ́, kí a da omi tí a fi rẹ ẹ̀wà nù, kí a sè é lọ́tọ̀ nínú omi titun títí yóò fi rọ̀. Kí a má fi kánún sí i. Kánún a máa mú ẹ̀wà tètè rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a máa ba apá kan nínú ohun rere tí ó wà nínú ẹ̀wà jẹ́, èyí tí a sì ti rẹ mọ́jú kò nílò rẹ̀. Kí a lọ tàtàṣé, tòmátì, rodo àti àlùbọ́sà kan àti ààbọ̀ pọ̀, kí a sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Kí a gbé epo tí ó kù ka iná nínú ìkòkò mìíràn, kí a gé àlùbọ́sà tí ó kù sí i, kí a da ata àti irú lé e, kí a máa rò ó títí epo yóò fi léfòó, nítorí ata tí a kò dín jinná a máa kan lẹ́nu. Nígbà náà ni kí a da ẹran àti omitooro rẹ̀ lé e, kí a da ẹ̀wà sí i, kí a tọ́ iyọ̀ wò, kí a sì jẹ́ kí gbogbo wọn mọ ara wọn lórí iná kékeré fún ìdajì wákàtí. Ẹni tí ó bá ní ewé efinrin nítòsí, kí ó ya díẹ̀ sí i bí ó bá fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ọbẹ̀ yìí kì í bá oúnjẹ jà. Láfún tí a fi mọ Ẹ̀gbá ń bẹ. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ń bẹ, tí ìlú tí ó fún un ní orúkọ wà pẹ̀lú Kọ́bapẹ́ nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé kan náà. Ẹ̀kọ gbígbóná ń bẹ fún arúgbó àti fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Bí a bá sì gbé èyí tí ó ṣẹ́kù ka iná ní ọjọ́ kejì, a máa dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

A mọ èsì tí àwọn kan yóò fọ̀. Wọn yóò ní: “Akọ̀wé, ìwọ ní iná wákàtí méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni yóò san owó gáàsì? Ta ni yóò ra èédú? Ṣé o kò gbọ́ pé ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ló pa á?” Ọ̀rọ̀ òótọ́ ni wọ́n sọ, a kò sì ní í fi ẹ̀rín gbà á. Gáàsì wọ́n, kẹrosíìnì wọ́n, igi ìdáná pàápàá tí a ń ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú igbó rí ti di ọjà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń wá ọ̀nà àbùjá kì í ṣe ọ̀lẹ, owó ni kò tó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ń bẹ láti dín iná kù tí kò ní oògùn nínú.

Èkíní, omi tí ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ àti omi tí ń hó bí ìjì, ọ̀kan náà ni ooru wọn. Lẹ́yìn tí ìkòkò bá ti hó, iná ńlá kò mú ẹran tètè jinná, omi ni ó ń gbẹ. Ẹni tí ó bá fa iná rẹ̀ sẹ́yìn, tí ó sì dé ìkòkò rẹ̀ dáadáa, yóò rí i pé èédú tí ó ń jó ní wákàtí kan lè tó o wákàtí méjì. Èkejì, ìkòkò onídèérí líle tí àwọn ènìyàn ń pè ní pressure pot ń bẹ. Ó wọ́n ní ọjọ́ tí a bá rà á, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wákàtí méjì ni ó ń ṣe ní nǹkan bí ìṣẹ́jú ogójì, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi san owó ara rẹ̀ padà. Ẹ̀kẹta, ọgbọ́n kan ń bẹ tí àwọn ìyàwó ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò ní ìgbà Ogun Àgbáyé méjèèjì, nígbà tí ohun ìdáná wọ́n fún wọn. Wọn a jẹ́ kí ẹran hó lórí iná fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, wọn a dé e pa, wọn a gbé ìkòkò náà gbígbóná sínú àpótí tí ó kún fún koríko gbígbẹ, wọn a bò ó mọ́lẹ̀, ooru inú rẹ̀ a sì máa se ẹran náà lọ fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin láì sí iná kankan. Agbọ̀n ńlá àti ògbólógbòó aṣọ ìbora lè ṣe iṣẹ́ kan náà ní ilé wa. Ohun tí kò gbọdọ̀ má ṣe ni pé kí a tún gbé e ka iná, kí ó hó dáadáa, kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹnu kàn án.

Ẹ wá fi owó iná wé owó kejì. Owó èédú wákàtí kan ni ẹni tí ń ju oògùn sínú ọbẹ̀ ń fi pamọ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ti kọ iṣẹ́, ẹ̀rọ ni a ó máa fi fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ní ọ̀sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹbí púpọ̀ ni ó ti ta ilẹ̀ àti ilé nítorí irú àìsàn yìí. Oníṣòwò wo ni yóò rí ìṣirò yìí tí yóò pè é ní èrè?

Ọ̀rọ̀ wa kò kọjá lórí àwọn olóúnjẹ ẹ̀bá títì. Kọ́bapẹ́ wà lójú ọ̀nà. Awakọ̀, òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò tí ń lọ tí ń bọ̀ láàárín Abẹ́òkúta àti Ṣàgámù, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti ń jẹun. Ẹni tí ó bá fi oògùn se ọbẹ̀ fún ilé rẹ̀ fi ẹ̀mí àwọn ọmọ rẹ̀ wewu. Ẹni tí ó bá sè é tà fi ẹ̀mí ẹgbẹlẹmùkù ènìyàn tí kò mọ̀ ọ́n rí wewu. A bẹ àwọn ìyálọ́jà, àwọn olóúnjẹ àti àwọn alápatà pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí sí àárín ìpàdé wọn. A bẹ àwọn wolé-wolé pé kí wọ́n má ṣe wo ilẹ̀ tí a gbá àti agbada tí a fọ̀ nìkan, kí wọ́n bèèrè ohun tí ó wà nínú ìkòkò pẹ̀lú. A bẹ àwọn tí ń ta oògùn ní ìsọ̀ pé bí ẹni tí ń se oúnjẹ tà bá ń ra odindi páálí oògùn ẹ̀fọ́rí ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n bi í pé orí ta ni ń fọ́.

Àwa tí ń jẹun náà kò bọ́ nínú ẹ̀bi. Àwa ni à ń dé lójijì, tí à ń fi ṣíbí lu tábìlì, tí à ń pariwo pé, “Ìyá, ẹ ṣe kíá, ọkọ̀ ń lọ.” Àwa ọkọ ni à ń já owó ọbẹ̀ sílẹ̀ ní agogo mẹ́wàá, tí a sì ń fẹ́ kí oúnjẹ wà nílẹ̀ ní agogo méjìlá. Ésáù kò lè dúró díẹ̀, ni ó fi ogún ìbí rẹ̀ san owó ìpẹ̀tẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a fi ìkánjú sè é. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọbẹ̀ tí ó jinná, kí ó fi owó iná kún owó ẹran, kí ó fi í sílẹ̀ láti alẹ́, kí ó sì jókòó jẹ́jẹ́. Bí ó bá lè gé àlùbọ́sà tàbí kí ó fẹ́ iná nígbà tí ó bá ń dúró, kò sí òfin Ẹ̀gbá tí ó kọ̀ ọ́ fún ọkùnrin.

Òtútù yóò dé, yóò sì tún lọ. Ní ọjọ́ tí ọyẹ́ bá mú jù, kí olúkúlùkù wa wo inú ìkòkò ilé rẹ̀, kí ó rí ẹran, kí ó rí ata, kí ó rí ẹ̀wà, kí ó má sì rí ohun mìíràn níbẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó dìgbà mìíràn.